Píìnì máákà paintball tó kọ̀ tí kò jáde: kí ló dì í mú?

Ìbéèrè kan tó wá láti Adó-Èkìtì la fẹ́ dáhùn lónìí. Ẹni tó kọ ọ́ sọ pé:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mò ń bójú tó ohun èlò eré ní ibi ìgbafẹ́ kan níbí ní Adó. A ra máákà Tippmann A-5 mẹ́ta, ìyẹn ìbọn tí wọ́n fi ń yin ọta ọ̀dà nínú eré paintball, tòkunbọ̀ ni wọ́n. Mo ti tú méjì, mo ti fọ̀ wọ́n, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta ló ń dà mí láàmú. Ọ̀kan nínú àwọn píìnì tó de ìdìmú mọ́ ara rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Mo gbé ìṣó lé e, mo fi hámà lù ú títí orí píìnì náà fi fẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan da epo bíréèkì sí i, kò gbọ́. Ẹlòmíràn ní kí n gbé e sínú fírísà di ọjọ́ kejì kí irin náà lè súnkì. Wẹ́dà kan ní Ajílòsun ní òun á fi iná gáàsì yọ ọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣé kí n gbé e fún un, àbí kí n kúkú fi dírílì lu píìnì náà jáde?”

Ẹ má tíì gbé e fún wẹ́dà, ẹ má sì tíì mú dírílì. Ìdààmú méjì ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín: ẹ fẹ́ kí píìnì jáde, ẹ sì ń bẹ̀rù kí ara máákà má bàjẹ́. Èkejì ló wúwo jù. Píìnì kò ju irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, ẹni tó ní ẹ̀rọ léèdì, èyí tó ń yí irin bí wọ́n ti ń gé e, lè gé òmíràn fún yín láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n àlùmíníọ́mù ni ara máákà, bí ihò rẹ̀ bá sì ti gbòòrò tàbí tí etí rẹ̀ bá là, kò tún lè di píìnì mú bó ṣe yẹ mọ́. Nítorí náà, bí ó bá di dandan kí ọ̀kan ṣòfò, kó jẹ́ píìnì.

Àṣìlóye tó wà nídìí gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín ni pé píìnì náà lágídí, pé agbára ló kù. Píìnì kì í lágídí. Nǹkan kan ló dì í mú, ohun tó sì dì í mú ló máa sọ irú oògùn tí yóò ṣiṣẹ́. Omi ń tú òmíràn, epo ń tú òmíràn, òmíràn kò fẹ́ ju kí ẹ fi ọwọ́ òsì gbé ìdìmú sókè díẹ̀ bí ẹ ti ń tì í. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé òòlù kò ní mọ èwo ni tirẹ̀ títí yóò fi ba nǹkan jẹ́.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ tú gáàsì kúrò. Nínú sìlíńdà CO2, agbára gáàsì a máa lé ní 1,000 psi (psi ni ìwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń ti ara ìgò) bí ooru bá ti tó 30°C, ọ̀sán Adó lásán sì nìyẹn. Ti sìlíńdà afẹ́fẹ́, 3,000 tàbí 4,500 psi ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀. Ẹ wọ awò ààbò ojú, ẹ yọ họ́pà, ìyẹn agolo tí ọta ń wà, àti gbogbo ọta ọ̀dà, ẹ yí sìlíńdà kúrò, lẹ́yìn náà ẹ kọjú ọ̀pá ìbọn sí ibi tí kò séèyàn kí ẹ sì yìn ín títí tí gáàsì tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ yóò fi tán. Bí ẹ ti ń yí sìlíńdà, ẹ máa wo ọrùn rẹ̀. Ìgò àti fáàfù orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí pọ̀. Bí ìgò bá ń yí tí fáàfù dúró sójú kan, ẹ dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ìgò ń tú kúrò lára fáàfù nìyẹn, ó sì lè fò kó pa èèyàn. Ẹ fi ọ̀dà èékánná fa ìlà kan láti ara fáàfù dé ara ìgò gbogbo sìlíńdà yín. Bí ìlà náà bá ti yà, ẹ má lò ó mọ́ títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń di píìnì mú ni ẹrù, èyí tó rọrùn jù tí àwọn èèyàn kì í sì rò. Sípíríǹgì ńlá kan wà lẹ́yìn nínú máákà yìí. Bí ẹ bá ti kọ́ ìbọn náà sílẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ ti fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kó lè yìn, sípíríǹgì yẹn á máa ti ìdérí ẹ̀yìn, ìdérí á máa ti píìnì tó dì í mú, píìnì á sì fẹ̀gbẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri ihò. Irú píìnì bẹ́ẹ̀ lè mọ́ tónítóní kó má sì jáde. Ẹ di ọwọ́ ìkọ́ mú, ẹ fa tírígà, kí ẹ rọra dá a padà síwájú. Bí píìnì ẹ̀yìn ló ń ṣòro, ẹ fi àtàǹpàkò ti ìdérí ẹ̀yìn síwájú bíi mìlímítà kan nígbà tí ẹ bá ń ti píìnì. Bí ti ìdìmú ni, bíi tiyín yìí, ìdìmú fúnra rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ihò rẹ̀ kò fi bá ihò ara mu mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa mi ìdìmú lọ síwájú sẹ́yìn, sókè sódò, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ ti ń fi ẹ̀yìn álíìnì kíì ti píìnì. Irú píìnì tí wọ́n fi ọwọ́ tì jáde ni ti A-5, wọn kò ṣe é fún òòlù ńlá. Èyí tó bá ń béèrè òòlù ti ń sọ fún yín pé nǹkan wà níbì kan.

Ohun kejì ni ọ̀dà tó gbẹ, mo sì fura sí i gidigidi nínú máákà tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ nínú àpótí. Gẹ́látììnì ni wọ́n fi ṣe èèpo ọta paintball. Ohun tó pọ̀ jù nínú ọ̀dà inú èèpo náà ni polyethylene glycol, nǹkan tó ń yọ́ nínú omi, pẹ̀lú àwọ̀. Ọta tó bá fọ́ sínú ọ̀pá ìbọn á ṣàn wọ ihò píìnì, á gbẹ síbẹ̀, á sì dì bí ògì tó gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ lè da epo sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, kò ní yọ́, nítorí omi ló ń tú u. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi gbígbóná wé ojú méjèèjì píìnì náà fún ìdajì wákàtí, kí ẹ máa pààrọ̀ omi bó bá ti ń tutù. Bí aṣọ bá gba àwọ̀ búlúù, ọsàn tàbí àwọ̀ ewé, ẹ ti mọ olè. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tún gbìyànjú láti tì í, lẹ́yìn náà ẹ gbẹ omi kúrò pátápátá. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí omi ṣáájú epo nìyí: bí epo bá ti ṣáájú, á bo ọ̀dà náà, omi kò sì ní ríbi wọlé.

Ẹ̀kẹta ni ìdógùn-ún, ó sì pín sí oríṣi méjì. Bí ohun tó yí orí píìnì ká bá pupa bí ilẹ̀ Adó, irin píìnì ló dógùn-ún. Bí ó bá funfun bí ẹfun, àlùmíníọ́mù ló ń jẹrà. Irin àti àlùmíníọ́mù kì í bára gbé pẹ́ nínú ọ̀rinrin kí ọ̀kan má jẹ ìkejì, àlùmíníọ́mù ni wọ́n sì ń jẹ. Ìyẹ̀fun funfun yẹn ń gba àyè ju àlùmíníọ́mù tó ti inú rẹ̀ wá, ìdí nìyẹn tó fi ń fún píìnì mọ́ ihò. Lọ́dọ̀ wa níbí, tí òjò ti ń rọ̀ láti ìgbà Ẹẹ́rẹ́nà tàbí Igbe títí dé Ọ̀wàrà, fóòmù inú àpótí ìbọn kì í gbẹ. Máákà tí wọ́n tì mọ́nú fóòmù tútù fún oṣù mẹ́ta ti tó láti di báyìí.

Fún ìdógùn-ún, epo tó ń wọlé ṣinṣin ni. WD-40 tó wà lọ́jà lè ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n àpòpọ̀ epo jíà ọkọ̀ ọ́tò àti ásítóònù, ìdajì ìdajì, ń wọlé jù ú lọ. Ásítóònù yẹn ni àwọn tó ń kun èékánná ń tà. Ìkán méjì mẹ́ta ní ojú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí epo lè ṣàn wọlé, kí ẹ tún kán an lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, fún odidi ọjọ́ kan. Láàárín ìgbà wọ̀nyí, ẹ fi òòlù kékeré kan ara píìnì tókítókí, ìlù fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ogún. Ẹ kò fẹ́ kó jáde nígbà yẹn. Ẹ fẹ́ kí ìyẹ̀fun náà sán kí epo lè ráàyè. Kẹrosíìnì lè dípò rẹ̀ bí kò bá sí nǹkan mìíràn, àmọ́ yóò pẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ásítóònù kan ìbojú tàbí nǹkan oníke kankan, yóò ba awò inú ìbojú jẹ́, ojú èèyàn ló sì ń dáàbò bò. Ẹ sì jìnnà sí omi eérú àti kọ́sítììkì sódà, torí wọ́n ń jẹ àlùmíníọ́mù fúnra rẹ̀.

Epo bíréèkì tí ọ̀rẹ́ yín dà sí i kò lè tú nǹkan kan níbẹ̀. Kì í wọ ojú ibi tó há bí epo tí mo sọ yẹn, ó ń bó ọ̀dà ara irin, ó sì ń mú kí rọ́bà o-ring wú. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀ lónìí. Nígbà tí máákà bá tú, o-ring tí epo náà bá ti kàn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má wò ó pé ó ṣì dára lójú.

Ti fírísà, mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe é. Òótọ́ ni pé òtútù ń mú irin súnkì, ṣùgbọ́n gbogbo máákà ló máa tutù, kì í ṣe píìnì nìkan. Àlùmíníọ́mù sì ń súnkì ní nǹkan bíi ìlọ́po méjì ti irin. Ihò yóò kéré ju bí píìnì ṣe kéré lọ, yóò wá fún un mọ́ra sí i. Ooru ló ń ṣe ìdàkejì rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ara máákà láti 27°C dé nǹkan bíi 95°C, ihò á fi díẹ̀ gbòòrò ju píìnì lọ. Díẹ̀ náà kéré o, fún píìnì tó nípọn tó mìlímítà mẹ́ta, kò tó 0.003 mm. Ẹ má retí pé píìnì á já bọ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí ooru ń ṣe gan-an ni pé ó ń fọ́ ìdìpọ̀ ìyẹ̀fun àti ọ̀dà, ó sì ń mú epo ṣàn. Díráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun ti tó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tàbí omi kẹ́tù nínú ọ̀rá tí ẹ gbé lé e. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu ásítóònù nù kó sì gbẹ tán, torí ó ń gbiná kíákíá. Bí ìdìmú yín bá jẹ́ oníke, ẹ má jẹ́ kó gbóná ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè fara dà.

Iná wẹ́dà yàtọ̀ pátápátá. Iná ọ́síjìn àti ásẹ́tílììnì lé ní 3,000°C. Àlùmíníọ́mù ń yọ́ ní nǹkan bíi 660°C, àwọn àdàpọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ń yọ́ ṣáájú ìyẹn. Èyí tó burú jù ni pé kì í pọ́n kó tó yọ́ bí irin ti ń pọ́n. Wẹ́dà tó ti fi ogún ọdún jó irin á máa dúró de kí ó pọ́n, ibi tó ti ń wò ó ni yóò ti dà sílẹ̀. Kódà bí kò bá yọ́, ooru tó bá kọjá 200°C ń rọ líle àlùmíníọ́mù dànù, ara ibi tí sìlíńdà ti ń wọ̀ sì ni a kò fẹ́ kó rọ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà náà dára, kì í ṣe iṣẹ́ yìí ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ohun kẹrin, tí ẹ fi ọwọ́ ara yín dá sílẹ̀: orí píìnì tó ti fẹ̀. Orí tó fẹ̀ kò lè gba inú ihò kọjá mọ́, ìlù tó bá sì kàn án lẹ́yìn náà ń mú un fẹ̀ sí i. Ẹ mú fáìlì kékeré, ẹ gé orí náà títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ojú ara máákà, kí ẹ sì gé etí rẹ̀ wọnú yíká díẹ̀. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ara máákà yí ibẹ̀ ká kí fáìlì má baà gé e. Bí ẹ kò bá ṣe èyí tí ẹ sì rí i lù jáde, etí orí yẹn ni yóò ha ihò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ẹ tó tún lù ú, ẹ wo ojú méjèèjì rẹ̀ dáadáa. Àwọn píìnì kan ní ìlà wínníwínní tí wọ́n gbẹ́ sí ìdí kan, òmíràn sì ní orí tó tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ tó dán tàbí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń gbà tì í, kí èyí tó nípọn jáde ṣáájú. Ó ṣeé ṣe pé láti òdì kejì ni ẹ ti ń lù ú láti àárọ̀.

Ìṣó ló sì bẹ̀rẹ̀ wàhálà yẹn. Ìṣó rọ̀, ẹnu rẹ̀ mú, ó ń yọ̀ kúrò lórí píìnì, ó sì ń la àárín rẹ̀ bí èèkàn. Pọ́ǹṣì tó péye, ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju píìnì lọ díẹ̀: fún píìnì mìlímítà mẹ́ta, pọ́ǹṣì mìlímítà méjì ààbọ̀. Bí ẹ kò bá rí rà, fáàfù ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tó ti jó ń ṣe pọ́ǹṣì tó dára gan-an, irin rẹ̀ le, kò sì tètè ń wọ́. Àwọn mẹkáníìkì ń jù wọ́n nù ni. Ẹ gé orí rẹ̀, kí ẹ lọ ìrù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí òkúta ìlọrin, kí ẹ máa rì í bọ omi kó má gbóná. Ẹ sọ ọ́ di kúkúrú fún ìbẹ̀rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì níwájú, torí èyí tó gùn ń tẹ̀. Bí píìnì bá ti rìn díẹ̀ ni ẹ óò wá lo èyí tó gùn.

Ìsàlẹ̀ ṣe pàtàkì ju òòlù lọ. Máákà tí ẹ gbé lé itan tàbí lé tábìlì tó ń mì ń gbé agbára ìlù jẹ. Ẹ wá pákó ìrókò tàbí ti igi apá tó nípọn, ẹ lu ihò sí i tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì píìnì, ẹ gbé máákà lé e kí ẹnu ihò píìnì bá ti pákó mu rẹ́gí, kí pákó sì gbé ara rẹ̀ yíká. Òòlù 200 gíráàmù ti tó. Ìlù kan tó mú, tó dúró gangan, sàn ju mẹ́wàá tó ń fì lọ. Bí ẹ bá ti lu mẹ́wàá tí kò sún, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ padà sí epo àti ooru.

Ó wà lọ́kàn mi pé kí ẹ kúkú má lo òòlù rárá fún èyí. Ẹ yá kíláǹpù G lọ́wọ́ káfíńtà. Ẹ fi nọ́ọ̀tì kan tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ju píìnì lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí píìnì yóò gbà jáde, ẹ fi ègé irin kúkúrú kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju píìnì sí òdì kejì, kí ẹ fi awọ tàbí páálí sáàárín nọ́ọ̀tì àti ara máákà, kí ẹ wá máa yí kíláǹpù díẹ̀díẹ̀. Yí i ní ìdá mẹ́rin, dúró ìṣẹ́jú kan, fi díráyà gbóná sí i, tún yí i. Agbára tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ báyìí kì í mú orí píìnì fẹ̀, kì í sì í la àlùmíníọ́mù. Ẹ ó gbọ́ “kọ́” kan tó dún gan-an nígbà tó bá já. Kì í ṣe pé nǹkan ti kán, ìdìpọ̀ náà ló fọ́.

Àwọn píìnì kéékèèké inú ìdìmú, tó di tírígà àti sear (irin kékeré tó ń dá sípíríǹgì dúró títí ẹ óò fi fa tírígà) mú, lè wá jẹ́ èyí tí inú rẹ̀ ṣófo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì là. Píìnì bẹ́ẹ̀ tóbi ju ihò rẹ̀ lọ díẹ̀, ó ń fi ìfẹ̀ ara rẹ̀ di ihò mú, nítorí náà ó yẹ kó le díẹ̀, kì í ṣe àìsàn. Pọ́ǹṣì tó ní kókó kékeré láàárín ẹnu rẹ̀ ni tirẹ̀, kí kókó náà wọ inú ìṣófo kí ẹnu píìnì má baà wó. Kí ẹ tó yọ wọ́n, ẹ ya fọ́tò sípíríǹgì inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ nínú abọ́ fífẹ̀, torí sípíríǹgì tírígà tó bá fò lọ sínú koríko ti lọ nìyẹn.

Dírílì ni mo fi sí ìkẹyìn, nígbà tí gbogbo nǹkan tó kù bá ti kọ̀. Irú píìnì yìí lè le tó bẹ́ẹ̀ tí bíìtì tí ẹ máa rí rà lọ́jà kò fi ní tètè mú un. Bíìtì á kọ́kọ́ yọ̀ lórí píìnì, á wá yà bọ́ sínú àlùmíníọ́mù tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì rí ihò tuntun tó dà bí ẹyin. Bí kò bá sí ọ̀nà míràn, kì í ṣe dírílì ọwọ́. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ní dírílì onídìdúró àti bíìtì káábáìdì, kó di máákà mú ṣinṣin, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíìtì tó jẹ́ ìdajì ìfẹ̀ píìnì. Kódà pẹ̀lú ìyẹn, ó lè bàjẹ́. Bí ẹ bá ti rí ìlà sísán yí ihò ká, kódà bí irun, ẹ má gbé gáàsì lé máákà yẹn mọ́, ẹ sọ ọ́ di ibi tí ẹ ó ti máa yọ ohun èlò fún àwọn méjì yòókù.

Nígbà tó bá jáde, ẹ fi kálípà wọn ibi tó dán lára píìnì náà kí ẹ tó ra òmíràn. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Tippmann, íńṣì ni wọ́n fi ń wọn nǹkan. Píìnì íńṣì kan nínú mẹ́jọ jẹ́ 3.175 mm, bí ẹ bá fi 3 mm ti ọjà dípò rẹ̀, yóò wọlé wẹ́rẹ́, inú yín á dùn, á sì máa mì títí yóò fi jẹ ihò náà gbòòrò. Ẹ fi igi tín-ín-rín tí ẹ wé aṣọ mọ́ fọ ihò, ẹ má lo sáńpépà, ẹ má sì lo bíìtì. Ẹ fi gíríìsì tín-ín-rín kun píìnì tuntun kó tó wọlé, kí irin àti àlùmíníọ́mù má fara kanra ní gbígbẹ, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún píìnì àwọn méjì yòókù kí òjò tó ń bọ̀ tó dé. Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó pọ̀, ẹ kọ́ ọ kí ẹ sì yìn ín nígbà mẹ́wàá láìsí gáàsì, ẹ wò ó bóyá píìnì kankan ń rìn jáde. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró, ẹ wá fi sìlíńdà sí i, kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta wọn ọ́n. Kí ọta má kọjá 280 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ẹ tó gbé e fún àwọn tó fẹ́ fi ṣeré.